Dígí Oníbàárà Tí Kò Padà Wá

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni mo gé dígí náà
ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Gáà-Àkànbí,
fún ọkùnrin kan tó san ìdajì owó
tí n kò tún fojú kàn mọ́.
Ọdún yípo. Eruku bò ó.
Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ etí rẹ̀ mọ́ra, mo da omi sí i,
mo gbé e sí pálọ̀, níbi tí oòrùn kì í dé.
Wàsílátù ní, "Ẹja jíjẹ ni àbí ẹja wíwò?"
Mo ní wíwò ni.
Ó pòṣé. Ó fa àga, ó jókòó wò ó.

Gúrámì lorúkọ wọn.
Ọmọ tó ń tà á ní Òpópónà Táíwò dì wọ́n sínú ọ̀rá,
ó ní, "Bàbá, ẹbí kan ni gbogbo wọn,
ẹ kó wọn pọ̀, kò séwu."
Mo mú aláró, tó ní àmì dúdú méjì lára,
tí ojú rẹ̀ ṣe ẹ̀kẹta;
mo mú onílẹ̀kẹ̀, bí ẹni pé iyọ̀ ta sí i
láti imú dé ìrù;
mo mú ràrá pupa, tí kò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ.
Gbogbo wọn ló ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lábẹ́ àyà
tí wọ́n fi ń tọ́ ayé wò kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Ẹbí kan.
Èmi náà bí ẹbí kan:
Múkáílà, ọmọ Wàsílátù,
Sẹ́mìú, tí ìyá rẹ̀ ti padà sí Àfọ̀n,
yàrá kan, ilà ṣọ́ọ̀kì láàárín rẹ̀,
ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹnìkan ò kí ẹnìkan.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, akọ aláró bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́.
Itọ́ àti afẹ́fẹ́ ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀:
ó ń tu ìfófòó jáde, ẹyọ lórí ẹyọ,
ní igun òsì, lójú omi.
Látìgbà náà ló ti sọ gbogbo omi di tirẹ̀.
Onílẹ̀kẹ̀ kò ríbi sinmi.
Ràrá sá sẹ́yìn páìpù,
lẹbẹ rẹ̀ ya bí etí fìlà àtijọ́.

Mo pe ọmọ yẹn. Ó ní, "Bàbá,
tójú bá ń rí ojú ní gbogbo ìgbà, ìjà ni."
Mo lọ ká ojú oró létí odò Asà,
báágì sìmẹ́ńtì kan. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.
Mo gbé gbogbo òkúta kúrò níbi tí wọ́n wà,
mo tú ìlú náà ká, mo tún un tò,
kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé,
"Èmi ni mo kọ́kọ́ débí."
Ilé ìfófòó tú. Aláró dúró gan-an,
ó ń fi okùn àyà tọ́ òkúta wò
bí àlejò tó ń wá ilẹ̀kùn lóru.

N kò sọ fẹ́nì kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì
mo nu ilà ṣọ́ọ̀kì,
mo gbé bẹ́ẹ̀dì Sẹ́mìú sí fèrèsé,
ti Múkáílà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn,
mo fi kọ́bọ́ọ̀dù sáàárín.
Sẹ́mìú wọlé, ó ní, "Bàbá, kí lẹ ṣe yìí?"
Múkáílà ló rẹ́rìn-ín,
kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀ tán pátápátá.

Ràrá kan kú. Ẹ má jẹ́ n parọ́.
Ìdí igi ìbẹ́pẹ ni mo sin ín sí.

Lálẹ́ àná, wọ́n mú iná lọ,
ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi dákẹ́.
Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo jókòó ti dígí.
Aláró gòkè, ó já afẹ́fẹ́ gbà, ó sọ̀kalẹ̀.
Onílẹ̀kẹ̀ gòkè. Ràrá náà gòkè,
ó gba àárín ojú oró kọjá.
Ẹja ni wọ́n, omi nìkan ò sì tó wọn mí.
Mo gbọ́ lẹ́yìn ògiri:
"Ṣé páwà báǹkì rẹ ṣì ní nǹkan nínú?"
Ó pẹ́ díẹ̀.
"Kò pọ̀. Gbà."